Àyẹ̀wò ọdún: ìrépé àǹkárá pupa tó wà nínú ìwé ńlá

Ọdún ti fẹ́ parí. Aṣọ ẹbí mẹ́rin ló ṣì wà lórí tábìlì mi tí wọ́n gbọ́dọ̀ jáde kí ọ̀sẹ̀ yìí tó tán, síbẹ̀ mo ní kí n kọ èyí sílẹ̀ ná kó tó fò lọ́kàn mi. Ọdọọdún ni mo máa ń ṣírò iye ìwé tí mo kà. Lóṣù kìíní, ogún ni mo pinnu. Mọ́kànlá ni mo rí kà. Kò dùn mí rárá. Ọmọ iṣẹ́ mi ló gba àkókò mi. Mo fẹ́ kó nífẹ̀ẹ́ irú ìwé tí mo nífẹ̀ẹ́, mo sì kọ́kọ́ gba ọ̀nà òdì.

Aránṣọ ni mí, ẹ̀yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Irú ìwé tí mò ń sọ ni àwọn ìtàn gbọọrọ tí ẹnì kan ti jókòó dá odindi ayé sílẹ̀, tòun ti ọba, ogun, odò, idán àti ẹ̀dá tí ojú ò rí rí. Epic fantasy ni wọ́n ń pè é lédè Òyìnbó. Abẹ́ tábìlì máṣíìnì mi ni wọ́n máa ń wà, nínú àpò nílọ́ọ̀nù kí epo máṣíìnì má bàa kán sí wọn lára.

Oṣù kẹta ni ọmọ náà bi mí pé, "Àǹtí, kí ló wà nínú ìwé yìí tẹ́ ẹ fi ń dá rẹ́rìn-ín?" Inú mi dùn débi pé mi ò ronú. Èyí tó gbé mi lọ́kàn jù ni mo fà yọ: The Lord of the Rings, ti Tolkien, òǹkọ̀wé ará Ìlú Ọba, tó jáde láàárín 1954 sí 1955 ní apá mẹ́ta. Ẹ̀dà tèmi kó apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ojú ìwé. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó gé ìrépé àǹkárá pupa tín-ín-rín kan nílẹ̀, ó ní òun á máa fi mọ ibi tóun kà dé.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìrépé náà rìn díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò kúrò níbi tó wà. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ibẹ̀ náà ni. Mò ń rí pupa yẹn létí ìwé, kò jìnnà sí èèpo ẹ̀yìn àkọ́kọ́ rárá, ó sì ń dùn mí bí abẹ́rẹ́. Mo wá bi í. Ó wolẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ìwé yín dáa o. Ṣùgbọ́n ìgbà wo gan-an ni wọ́n ó kúrò nílé?"

Òótọ́ ló sọ. Ìwé yẹn máa kọ́kọ́ ṣàlàyé irú èèyàn tí àwọn hobbit, àwọn èèyàn kúkurú inú rẹ̀, jẹ́, á ṣàpèjúwe ayẹyẹ ọjọ́ ìbí tó gùn, lẹ́yìn náà ọdún 17 á kọjá kí Frodo, hobbit tí ìtàn náà dá lé, tó di ẹrù rẹ̀. Èmi tí mo mọ ohun tó ń bọ̀, ìfarabalẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi, torí mo mọ ilé tí wọ́n máa pàdánù. Ẹni tí kò mọ̀ ńkọ́? Àfi bí ìgbà tí mo bá ń fi téèpù wọn oníbàárà fún odindi wákàtí kan láì tíì fi sítáì kankan hàn án. Á dìde lọ ni. The Hobbit, ti Tolkien kan náà, tiẹ̀ wà nílé mi nígbà náà, ó kúrú, ojú kan ló ti bẹ̀rẹ̀ tó ti parí, àwọn àlejò sì ti kan ilẹ̀kùn ní orí kìíní. Ìwé tí mo nífẹ̀ẹ́ jù ni mo yàn, mi ò yan èyí tó bá ọmọ mu. Ẹ̀bi mi ni.

Mo gba ìwé náà padà, mo sì bi í ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi í látìbẹ̀rẹ̀: ìtàn wo lo gbọ́ rí tí o ò fi lè sùn? Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní ìyá ìyá òun ní Oǹdó máa ń pa ìtàn ọdẹ kan tó dé ibi tí igi ti ń bá a sọ̀rọ̀, àti pé títí dòní, bóun bá rí igi ìrókò lálẹ́, òun á kí i.

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ti D. O. Fágúnwà, ni mo lọ gbé wá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. 1937 ni The Hobbit jáde nílẹ̀ Òyìnbó. 1938 ni Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí kò jìnnà sí wa níbí, gbé Ògbójú Ọdẹ jáde, ìtàn ọdẹ tó ń jẹ́ Àkàrà-oògùn. Ọdún kan péré ló wà láàárín wọn. Ní 1954 tí apá kìíní The Lord of the Rings jáde, ọdún yẹn náà ni Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje, ti Fágúnwà, jáde. Ọba rán àwọn akọni lọ sí ìrìn àjò jíjìn, oníkálukú ní ẹ̀bùn tirẹ̀, ẹ̀dá burúkú dènà dè wọ́n, àwọn kan kú sọ́nà, àwọn kan padà wálé. Kí ló wá kù tí wọn ò fi ní ka Fágúnwà mọ́ àwọn baba irú ìwé yìí? Àwa fúnra wa ni a sọ ọ́ di ìwé ìdánwò. A ní kí ọmọ há "àmúlò èdè" sórí, a ò sọ fún un pé Àgbákò, ẹ̀dá burúkú inú Ògbójú Ọdẹ, ní ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká àti pé ó ń bọ̀.

Kò rọrùn fún ọmọ náà ní àkọ́kọ́ o. Gẹ̀ẹ́sì ló yá lẹ́nu rẹ̀ láti kà. Bó bá ń ka Yorùbá, á máa fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, á pe ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì kí ohùn rẹ̀ tó bọ́ sí i. Ohun tó gbà wá ni àìsí iná. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ nírọ̀lẹ́, dípò ká tètè tan jẹnẹrétọ̀, mo ní kó máa kà á sókè fún wa, kí èmi máa fi ọwọ́ gán etí aṣọ. Ìwé yẹn kì í ṣe fún ojú nìkan, ẹnu ló ń fẹ́. Bó ti ń kà á sókè, ohùn ń bá a wá fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ń gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ tó kà á débi tí Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn, ọ̀kan nínú àwọn akọni tí ọba rán, ti pa obìnrin tó dì mọ́ ọn pé kó má lọ, ó dákẹ́. Ó pa ìwé dé, ó mú sáàsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé lááníìnì láì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó sọ̀rọ̀. "Wọ́n ṣì ń pe onítọ̀hún ní akọni, Àǹtí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Èmi ò gbà." Ìyá aláta náà ò gbà. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti di òǹkàwé.

Ohun kan bà mí nínú jẹ́. Àlòkù ni ẹ̀dà tí mo rà, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Nígbà tí àwọn akọni dé Òkè Láńgbòdó tí ọba rán wọn lọ, ọ̀dọ̀ Ìràgbèje, ọlọ́gbọ́n tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ méje nínú yàrá méje, ọjọ́ kẹta la dé tí ìwé fi ya. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ni kò sí níbẹ̀. A fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ń rán bùbá fún, ló yá wa ní tirẹ̀, ìwé tó ti pọ́n bí ewé kókò gbígbẹ, ó sì ní a ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà nítòsí rẹ̀.

Lẹ́yìn Fágúnwà, ọ̀nà là. Mo fún un ní A Wizard of Earthsea, ti Ursula Le Guin, tó jáde ní 1968, ọdún kan náà tí Ṣóyínká gbé Ògbójú Ọdẹ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ní ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá, tàbí tó ń bẹ̀rù ìwé ńlá, ìwé yìí ni kẹ́ ẹ fún un. Kò nípọn. Ọmọkùnrin tó ń da ewúrẹ́ ni Ged, ẹni tí ìtàn náà dá lé, awọ ara rẹ̀ pọ́n bí bàbà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ewúrẹ́ tí ewúrẹ́ fi ń dáhùn. Ohun gbogbo ló ní orúkọ tòótọ́ níbẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló lè pàṣẹ fún un. Ìgbéraga mú kí Ged tú òjìji kan sílẹ̀, òjìji yẹn sì ń lé e kiri títí òun náà fi yí padà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé e. Mi ò ṣàlàyé ohunkóhun fún ọmọ iṣẹ́ mi. Ọmọ tó mọ ohun tí ọfọ̀ jẹ́ àti ìdí tí wọn kì í fi pariwo orúkọ ẹni lálẹ́, kí ló kù láti ṣàlàyé? Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kà á.

Àwọn yòókù, ní kánmọ́kánmọ́. The Palm-Wine Drinkard ti Tutùọlá, 1952, kúrú, ó sì ń pa ni lẹ́rìn-ín. Ẹ fún ẹni tó bá ní òun ò lè jókòó. Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi, 2018, yá bí iná. Àbúrò mi tó wà ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, kà á mọ́jú. Orúkọ Yorùbá inú rẹ̀ tí kò ní àmì ohùn ń dí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 17 kò rí i. Òun ni àkọ́kọ́ nínú ìwé mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti pé láti 2024, ìyẹn sì ṣe pàtàkì sí mi. Mi ò fi ìtàn tí kò tíì parí lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́ láì kọ́kọ́ sọ fún un. Ìwé karùn-ún nínú A Song of Ice and Fire ti George R. R. Martin jáde ní 2011, a ṣì ń retí ìkẹfà. The Wheel of Time parí ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé 14 ni. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1990, Robert Jordan, kú ní 2007, Brandon Sanderson ló bá a parí rẹ̀ ní 2013. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ òǹkàwé kọ́kọ́ ranlẹ̀.

Àṣìṣe kejì mi lọ́dún yìí: mo yá nọ́ọ̀sì kan tí mo ń ránṣọ fún ní The Fifth Season, ti N. K. Jemisin. Èyí ló dára jù nínú mọ́kànlá tí mo kà. Àkọ́kọ́ nínú ìwé mẹ́ta ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gba ẹ̀bùn Hugo, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún irú ìwé yìí, ní 2016, 2017 àti 2018. Ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí kó tó ṣe é. Ṣùgbọ́n òkú ọmọ kékeré ni ìtàn náà fi bẹ̀rẹ̀, bàbá ọmọ ló sì pa á. Mi ò sọ ọ́ fún un. Ó pè mí láàárín òru, ẹkún ló ń sun. Ó ka ìwé náà parí, ó sì ti gba ìkejì, síbẹ̀ ó yẹ kí n sọ ọ́ kó tó ṣí i. Ẹ sọ ọ́ fún èèyàn yín.

Ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, 1963 ni omi gbé Fágúnwà lọ nítòsí Bídà. Lọ́jọ́ 7 oṣù yìí, mo ní kí ọmọ náà ka Igbó Olódùmarè fún wa, ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-oògùn. Iná wà lọ́jọ́ náà. A pa máṣíìnì fúnra wa.

Lánàá ni mo ń wá ṣọ́ọ̀kì lábẹ́ tábìlì tí ọwọ́ mi ba àpò nílọ́ọ̀nù rẹ̀. Ìwé ńlá ọjọ́sí ló wà níbẹ̀. Ọmọ náà ti tún mú un kà láì sọ fún mi. Ìrépé àǹkárá pupa náà ti kúrò létí, ó ti wọ inú ìwé lọ dáadáa, wọ́n ti kúrò nílé tipẹ́, Frodo àtàwọn tó ń bá a lọ ti wà nínú òkùnkùn Moria, ihò ńlá abẹ́ òkè.

Ó rí mi tí mò ń wò ó. Ó ní, "Àǹtí, bàbá onírùngbọ̀n tó ń ṣáájú wọn yẹn, kò ní kú, àbí?"

Mo tẹrí ba, mo ń gán bọ́tìnnì lọ.