Ẹ Kà Á Láti Ẹ̀yìn Wá Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ojú ìwé méjì àtààbọ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí ìṣirò yìí lọ́jọ́ tá a ṣe ìdánwò Further Maths ní lẹ́sìnì tí mò ń lọ ní Yábàá, mi ò sì rí ìdáhùn kan ṣoṣo:

x⁴ − 7x³ + 14x² − 7x + 1 = 0

Ohun tí mo mọ̀ nígbà yẹn ni pé tí agbára x bá ti ju méjì lọ, èèyàn á máa fi nọ́ńbà dán an wò títí yóò fi já sí òdo. Mo fi 1 dípò x, ó já sí 2. Mo fi 2, ó já sí 3. Mo fi 3, ó já sí −2. Nígbà tó fò láti 3 bọ́ sí −2 yẹn, mo rò pé mo ti ṣì í kà ni, mo bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò ṣì í kà rárá. Ìdáhùn kan wà láàárín 2 àti 3 lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe odidi nọ́ńbà, kì í sì í ṣe ìdá kankan tí èèyàn lè dán wò. Bí wọ́n ṣe gba ìwé lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ó dùn mí wọra, torí kò sí iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn tó ìṣirò.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú ìbéèrè náà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù màmá mi ní Balógun. Ọmọ ìyá oníléèsì tí ṣọ́ọ̀bù wọn kángun sí tiwa ń kàwé ní Yunifásítì Èkó nígbà náà. Bọ̀dá la máa ń pè é. Mo fi ìwé hàn án. Kò tiẹ̀ mú bírò. Ó ní, "Ka àwọn nọ́ńbà iwájú x sí mi létí."

"Ọ̀kan, máínọ́ọ̀sì méje, mẹ́rìnlá, máínọ́ọ̀sì méje, ọ̀kan."

"Ó dáa. Kà á láti ẹ̀yìn wá."

Mo kà á láti ẹ̀yìn wá. Bákan náà ló rí.

Màmá mi ń dá ànkárá ọ̀pá mẹ́fà lọ́wọ́ fún oníbàárà tó fẹ́ ìdajì. Kò wọ̀n ọ́n rárá. Ó mú etí aṣọ méjèèjì pọ̀, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ibi tó ṣẹ́ po sí nísàlẹ̀ ni àárín, ibẹ̀ ló ki síṣọ́ọ̀sì bọ̀. Bọ̀dá ní, "Ohun tí Màmá ṣe yẹn gan-an ni kó o ṣe fún un."

Àárín ìdọ́gba (equation) wa ni x². Nítorí náà, a ó fi x² pín gbogbo rẹ̀. Kò sí ewu níbẹ̀, torí x kò lè jẹ́ òdo: tẹ́ ẹ bá fi òdo sí i, 1 ló máa ṣẹ́ kù. Ohun tá a máa rí ni x² − 7x + 14 − 7/x + 1/x² = 0. Ẹ wá mú etí kan etí: x² pẹ̀lú 1/x², x pẹ̀lú 1/x. Ẹ pe x + 1/x ní y. Tẹ́ ẹ bá sọ y di square, ẹ ó rí x² + 2 + 1/x², ìyẹn ni pé x² + 1/x² jẹ́ y² − 2. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé 2 yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ti máa ń ṣubú, bírò pupa ni mo fi máa ń yí i po fún wọn.

Ìdọ́gba tó ń dẹ́rù bà mí wá di y² − 7y + 12 = 0. y jẹ́ 3 tàbí 4. Iṣẹ́ ò tíì parí o, x ni wọ́n béèrè, wọn ò béèrè y. Láti ara 3, a rí x² − 3x + 1 = 0, ìdáhùn rẹ̀ sì ni (3 + √5)/2 àti (3 − √5)/2. Láti ara 4, a rí x² − 4x + 1 = 0, tó fún wa ní 2 + √3 àti 2 − √3. Square root ló wà nínú gbogbo wọn. Bí mo bá dán nọ́ńbà wò títí ilẹ̀ á fi mọ́, mi ò ní bá wọn pàdé.

Ẹ tún wò ó dáadáa: 2 + √3 lọ́nà 2 − √3 jẹ́ 4 − 3, ìyẹn 1. Méjì-méjì ni àwọn ìdáhùn yìí ń rìn. Ibi tí x bá wà, 1/x ń bẹ níbẹ̀. Ohun tí mo fi ń yẹ iṣẹ́ mi wò nìyẹn títí dòní.

Nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní Bárígà ni mo rí ọ̀nà kejì, òun ni mo sì kọ́kọ́ ń fi hàn wọ́n báyìí, torí kò sí ìdá kankan nínú rẹ̀. (x² + 1)² jẹ́ x⁴ + 2x² + 1. Ẹ yọ 2x² yẹn láti inú 14x², ó ku 12x². Ìdọ́gba náà di (x² + 1)² − 7x(x² + 1) + 12x² = 0. Méjì wo ló máa jẹ́ 7 tá a bá rò wọ́n pọ̀, tó máa jẹ́ 12 tá a bá sọ wọ́n di púpọ̀? 3 àti 4. Torí náà, (x² + 1 − 3x)(x² + 1 − 4x) = 0. Ó tán. Ìlà mẹ́ta péré.

Mi ò ní kí ẹ da dídán nọ́ńbà wò nù. Ẹ wo 6x⁴ − 35x³ + 62x² − 35x + 6 = 0. Fi 2 sí i: 96 − 280 + 248 − 70 + 6, òdo ni. Níwọ̀n bí 2 ti jẹ́ ìdáhùn, ìdajì náà ti di tiwa láìṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ fi 2x² − 5x + 2, tí 2 àti ìdajì jẹ́ ìdáhùn rẹ̀, pín in, ó ku 3x² − 10x + 3, ibẹ̀ ni 3 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ti jáde. Àmọ́ tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn bá jẹ́ 1 bíi ti àkọ́kọ́ wa, 1 àti −1 nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ dán wò. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ fi í sílẹ̀.

Tí àmì bá yàtọ̀ lápá kan, bíi kí àárín ní −7x³ lápá òsì àti +7x lápá ọ̀tún, x − 1/x ni kẹ́ ẹ pè ní y, y² + 2 ló sì máa rọ́pò x² + 1/x². Fún x + 1/x ní tiẹ̀, tí y bá bọ́ sáàárín −2 àti 2, kò sí ojúlówó nọ́ńbà (real number) tó lè jẹ́ x níbẹ̀. Ẹ má wá a.

Èyí tó máa ń fara pa mọ́ jù rèé: (x + 1)⁴ + (x + 3)⁴ = 82. Ọmọkùnrin kan tí mò ń kọ́ tú u palẹ̀ pátápátá, ó rí 2x⁴ + 16x³ + 60x² + 112x lápá kan, òdo lápá kejì. Ó yọ x kan jáde, agbára kẹta wá dá a dúró. Mo ní kó padà. Kí ló wà láàárín x + 1 àti x + 3? x + 2. Pè é ní t. Ó di (t − 1)⁴ + (t + 1)⁴ = 82; gbogbo t³ àti t pa ara wọn rẹ́, ó ku t⁴ + 6t² − 40 = 0. t² jẹ́ 4 tàbí −10, àmọ́ −10 kò wúlò fún wa níbí, torí kò sí ojúlówó nọ́ńbà tí square rẹ̀ kéré sí òdo. t jẹ́ 2 tàbí −2, torí náà, x jẹ́ 0 tàbí −4.

Lodovico Ferrari, ará Ítálì, ti rí ọ̀nà tó kápá gbogbo ìdọ́gba agbára kẹrin, Girolamo Cardano tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1545. Mo ti lo ọ̀nà yẹn rí. Ó gùn, ó sì gba ìfarabalẹ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n lílò ó fún ìdọ́gba tó ṣẹ́ po sí méjì fúnra rẹ̀ dà bí ìgbà tí màmá mi bá lọ wá ọ̀pá ìwọ̀n nígbà tí etí aṣọ méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò fúnra yín: x⁴ − 10x³ + 26x² − 10x + 1 = 0. Mo kọ ọ́ sójú pátákó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú kò mú bírò. Ó na ìka sí 1 tó kẹ́yìn, ó ń kà á bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lápá òsì, bó ṣe dé 26 ló rẹ́rìn-ín.