Ẹ má gé igbó etí omi

Ẹ̀yin ará Waterside ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti Ìwòpin dé Mákùn-Omi, kò sẹ́ni tí mo fẹ́ ṣàlàyé omi fún nínú yín. Odò Ọ̀ṣun àti odò Ònì ń tú sínú ọ̀sà Lẹ́kkí, ibi tí ọ̀sà yìí sì ti ń dé òkun jìnnà, omi rẹ̀ gba Ẹ̀pẹ́ kọjá kó tó jáde l'Éèkó. Bí òjò bá le lókè, omi á ya wọlé tọ̀ wá, kì í sì í tètè lọ.

Òru ni tiwa dé. Màmá wa ń yan ẹja àrọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sọ́jà lówùúrọ̀. A kàn gbọ́ gbì! Etí bèbè ló ya. Àgbá ìyanja yí sínú omi tòun tiná, èéfín bo gbogbo ojú wa. Apẹ̀rẹ̀ ẹja tí wọ́n fi owó àjọ rà ń léfòó lọ. Wọ́n wá dì mọ́ òpó àtíbàbà, wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Omi ti dé àyà wọn. Èmi ni mo ń tú ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń bẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ wọn tutù bíi yìnyín.

A lọ fara pamọ́ nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, a ti padà, Màmá wa sì ti tún ń yan ẹja.

Ibi tó ya yẹn gan-an ni wọ́n ti gé igi ògùrọ̀ kí ọkọ̀ oníyanrìn lè ríbi gúnlẹ̀. Lápá ibi tí ògùrọ̀ ṣì dúró sí, omi dé ibẹ̀, ilẹ̀ ò ya. Gbòǹgbò ló dì í mú. N ò ní kẹ́nikẹ́ni má wa yanrìn jẹun o, ọmọ ìyá mi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gé etí omi.

Ẹ kọ́lé jìnnà sómi, àti ilé ìyanja náà. Ẹ má gbójú lé àpò yanrìn. Tiwa fọ́ kíá. Ẹ wo Ayétòrò ti àwọn Ìlàjẹ, tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947: òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀. Tiwa kì í ṣe òkun, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò sí gbòǹgbò nínú rẹ̀ kò lè dúró níwájú omi kankan. Inú gbòǹgbò yẹn náà lẹja ń yé sí. Ẹ bá àwọn baálẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n fòfin dè é: ẹ má gé ògùrọ̀ etí omi.

Ẹni tí ọmọ ògùrọ̀ bá ń hù lóko rẹ̀, kó jọ̀ọ́ fún wa. Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀ la fẹ́ gbìn ín.