Ògiri iyẹ̀pẹ̀ ní Kuje

Pẹ̀lú oòrùn oṣù kẹta yìí, mo wọ yàrá kan ní Kuje lónìí tí kò ní fáànù, ara mi sì tutù pẹ̀sẹ̀. Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ o! Iyẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ni wọ́n dà sáàárín pátákó, tí wọ́n sì gún.

Níbi ògiri tó kù, bàbá bíríkìlà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bu iyẹ̀pẹ̀, wọ́n fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì jù ú sílẹ̀. Tó bá ṣù pọ̀ bí èbà, omi ti pọ̀ jù. Tó bá di eruku, omi kò tó. Kó kàn fọ́ sí bíi mélòó kan ni wọ́n ń fẹ́. Ìpele tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 ni wọ́n ń dà lẹ́ẹ̀kan, wọn á gún un títí ìró rẹ̀ á fi yí padà.

“Bàbá, òjò ńkọ́?”

“Màdáámù, ẹ wo ìpìlẹ̀: òkúta ni, ó ga sókè. Páànù á sì yọ síta dáadáa.”

Owó lébìrà ni kò kéré rárá. Ọkọ mi ṣáà ti ń béèrè iye pátákó.