Àga tí kò fẹ́ kéèyàn jókòó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo nǹkan táwọn káfíńtà gbé wá síbi ìpàtẹ ọjà l'Óṣogbo níbí!

Àga kan wà ńbẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ rí ṣóńṣó bí ìwo ẹfọ̀n. Wọ́n ní àga àlejò ni. Àlejò wo? Èyí tẹ́ ò fẹ́ kó pẹ́ nílé yín?

Mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á pé igi wo ni. "Mọ̀mí, apá ni o. Ẹ gbé e wò." Mo gbé e, kò mì. Igi apá le lóòótọ́, ikán kì í tètè rí i jẹ. Ìyẹn gan-an ló dùn mí: ojúlówó igi, iṣẹ́ rádaràda! Ìjókòó àga kì í sábà ga ju nǹkan bí ínṣì 18 lọ, ṣùgbọ́n tèyí fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí ní ìgbáàyà.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ ó fi àkàbà kún un?"

"Mọ̀mí, òun ló ń lọ báyìí o."

Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn àrà. Àwọn ère tí Susanne Wenger àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa mọ sígbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kà mọ́ ogún aráyé ní 2005, àrà ni wọ́n. Àmọ́ ta ló ní ká jókòó lé wọn ní pálọ̀?

Ẹni tó ra bẹ́ẹ̀dì róbótó níbi ìpàtẹ yìí kan náà, mo rí yín o. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wo lẹ fẹ́ tẹ́ sí i?