Ọlidé lórí òkè l'Ẹ̀fọ̀n

Inú bọ́ọ̀sì lèmi àti ìyàwó mi ń gbé ní ọlidé yìí o, a kó bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti kẹ́ẹ̀gì omi sí i, a wá lọ páàkì sí kám̀pù àdúrà kan lórí òkè l'Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ìlú tí wọ́n sin Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá sí lọ́dún 1959. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ la wá ṣe. Èmi ń gbálẹ̀, mò ń tún páìpù ṣe, ìyàwó mi wà ní kíṣìnì pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ, ẹ ṣáà mọ Èkìtì, iyán ni ṣáá! Òtútù Ògọ́ọ̀sì níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn aládùúrà òru ò jẹ́ ká sùn, ṣùgbọ́n ṣebí torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gòkè. Bàbá alábòójútó ní ká tún wá lẹ́míì, ìyàwó mi ti ṣàmín kí n tó lanu.