Bí Àbẹ̀kẹ́ ehoro mi ṣe jáwọ́ nínú rọ́bà jíjẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ehoro nínú ilé, mi ò sọ ti àwọn tó ń sìn ín láti tà o, èyí tó lórúkọ, tó máa ń sáré wá bá yín tẹ́ ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn ni mò ń sọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi, torí ohun tójú mi rí lórí ọ̀rọ̀ rọ́bà yìí, mi ò fẹ́ kójú ẹlòmíì rí i.

Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ tèmi. Obìnrin ni, funfun ni àmọ́ etí ẹ̀ méjèèjì dúdú, kílò méjì ni, Ìbàdàn níbí la wà. Ọmọ oṣù méjì ló wà nígbà tí mo gbé e dé. Mo ra kéèjì fún un, wáyà lókè, rọ́bà nísàlẹ̀, abọ́ oúnjẹ ẹ̀ rọ́bà búlúù, abọ́ tó ń tọ̀ sí rọ́bà, ilé kékeré tó ń sùn sí náà rọ́bà, torí ó rọrùn láti fọ̀. Kò sí wàhálà kankan títí tó fi tó ọmọ oṣù márùn-ún, tó ń di àgbà. Bí mo ṣe máa jí láàárọ̀ nìyẹn tí mo máa bá etí abọ́ tó ti rí bí ẹnu ayùn, èérún rọ́bà búlúù nílẹ̀ káàkiri. Mo rò pé eré ló ń ṣe. Mo gbá a, mo dà á nù, mo ra abọ́ míì, rọ́bà náà ni.

Àárọ̀ Sátidé kan ni mo fi ewé ọ̀dùnkún síwájú ẹ̀, kò wò ó. Àbẹ̀kẹ́ tó jẹ́ pé tó bá gbọ́ ìró náílọ́ọ̀nù lásán ó ti dìde! Ó ká ara ẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀ kan, mo wo ilẹ̀ kéèjì, ìgbẹ́ ẹ̀ tó máa ń pọ̀ róbótó róbótó bí ẹ̀wà, mẹ́rin péré ni mo rí, kéékèèké, gbígbẹ, ọ̀kan ní nǹkan búlúù lára. Àyà mi já. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko nínú apẹ̀rẹ̀, mo ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Dókítà yẹn ló là mí lóye pé ehoro kò lè bì, Ọlọ́run ò dá a mọ́ ọn. Ohun tó bá ti gbé mì, àfi kó gba ìdí jáde tàbí kó há sínú. Tó bá sì ti lé ní wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá tí kò jẹ nǹkan kan, ìfun ẹ̀ máa dáwọ́ iṣẹ́ dúró, afẹ́fẹ́ máa kún inú ẹ̀, ó lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n fa omi sí i lábẹ́ awọ, wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n ní kí n máa fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fún un ní oúnjẹ tí wọ́n lọ̀ kúná, díẹ̀díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ọjọ́ méjì ni mi ò fojú kan oorun. Ìgbà tí mo rí ìgbẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ohun kan tí mo kọ́ níbẹ̀: tẹ́ ẹ bá bá rọ́bà tó ti gé, ẹ má kàn gbá a dànù. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ, ẹ tò ó sára abọ́ bí ẹni ń to àwo tó fọ́, kẹ́ ẹ wo bóyá ó pé. Ehoro tó ń gé e tó ń tu ú dà nù yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé e mì. Tí kò bá pé, ẹ máa ṣọ́ ìgbẹ́ ẹ̀ àti bó ṣe ń jẹun látìgbà yẹn lọ.

Mo ti gbìyànjú oríṣiríṣi kó tó dọjọ́ yẹn. Ẹnì kan ní kí n fi ata gígún pa etí abọ́, mo sì ṣe é, èyí ló ń dùn mí jù títí dòní. Ehoro máa ń fi ọwọ́ nu ojú bí ológbò, ṣé ẹ mọ̀? Ó fẹnu kan ata, ó fọwọ́ nu ẹnu, ọwọ́ yẹn náà ló fi nu ojú, ojú ẹ̀ pọ́n, ó ń sá kiri inú kéèjì, èmi àti Ayọ̀ ọmọ mi ń fi omi tútù ṣàn án. Ẹ má fi ata sí i rárá, ì báà ṣe díẹ̀. Ẹlòmíì ní omi ewúro ni, pé tó bá ti korò á fi í sílẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ lá ewúro yẹn tán, ó wá jẹ rọ́bà tẹ̀ lé e, àṣé ewé kíkorò ò bá ọ̀pọ̀ ehoro lẹ́rù. Mo pariwo mọ́ ọn, mo pàtẹ́wọ́, ohun tó rí kọ́ níbẹ̀ ò ju pé kó sá tí mo bá ń bọ̀, kó padà sídìí ẹ̀ tí mo bá lọ. Ẹ má sì lù ú o. Egungun ẹ̀yìn ehoro ò le, tí ẹ̀rù bá bà á tó ta ẹsẹ̀ sókè lójijì, ó lè kán.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ti ń sin ehoro tipẹ́. Mo lọ bá wọn, mo ń rojọ́ pé, "Bàbá, ẹ gbà mí, ó ti jẹ abọ́ kẹta o." Wọn ò tiẹ̀ bi mí léèrè nípa abọ́. Wọ́n ní, "Ìyá Ayọ̀, kí lo máa ń fún un jẹ lálẹ́?" Mo ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì ni, oúnjẹ ehoro oníhóró tí wọ́n ń tà lọ́jà, káàpù kan, ní aago méje. Wọ́n ní, "Á jẹ ìyẹn tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti aago méje alẹ́ di aago méje àárọ̀, kí lo fẹ́ kí ẹnu ẹ̀ máa ṣe?"

Mi ò lè dá wọn lóhùn. Mo wá mú ìwé kékeré kan, mo ń kọ àkókò tó ń jẹ rọ́bà sílẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ fẹ́ mú nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí, èyí ni kẹ́ ẹ mú. Aago márùn-ún ìdájí sí méje ló pọ̀ jù, àti ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ń wọ̀, ìgbà tára ehoro máa ń yá jù nìyẹn, ọ̀sán ló ń sùn. Mo tún rí i pé ibi tó ń jẹ máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Tó bá jẹ́ etí abọ́ oúnjẹ, ẹnu ẹ̀ ló dilẹ̀. Tó bá jẹ́ rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó fẹ́ jáde ni, èmi ni mo sì kọ́ ọ níyẹn, torí tó bá ti ń gé e gbàrà gbàrà nídàájí mo máa ń dìde lọ ṣí i kó má bàa jí àwọn ọmọ. Ó ti mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pe Mummy nìyẹn. Abọ́ ìtọ̀ ní tiẹ̀, ọjọ́ tí mi ò bá fọ̀ ọ́ nìkan ló máa ń jẹ ẹ́.

Eyín ehoro kì í dáwọ́ dúró láti máa gùn títí tó fi máa kú. Eyín 28 ló wà lẹ́nu ẹ̀, tiwájú ń gùn tó mìlímítà 2 lọ́sẹ̀ kan, ẹ ṣírò ẹ̀ wò, sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́dún. Ẹni tó bá sọ pé òun máa kọ́ yín bí ehoro ò ṣe ní gé nǹkan jẹ mọ́, ó ń tàn yín ni. Ẹ̀yin lẹ máa yan ohun tó máa gé fún un. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ sì ni pé igi tẹ́ ẹ bá jù sí i, eyín iwájú nìkan nìyẹn wà fún. Èrìgì tó wà lẹ́yìn, koríko ló ń bá a lọ̀ ọ́, torí tó bá ń jẹ koríko, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ máa ń yí lọ yí bọ̀ bí ọlọ. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì ò lè ṣe é, bó ṣe fọ́ ọ wúyẹ́ ló ti gbé e mì.

Koríko ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì pààrọ̀ abọ́ kankan. Kí n tó sùn, ní bí aago mẹ́wàá alẹ́, mo máa ń kó koríko tó tóbi tó ara Àbẹ̀kẹ́ gan-an sínú apẹ̀rẹ̀ fún un, eèsún tó ti le díẹ̀, pẹ̀lú ewé yúnyun. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì, mo ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé gíráàmù 50 lójúmọ́, ìyẹn 25 fún kílò kan, àárọ̀ ni mo sì ń fún un báyìí. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ kan o, inú ehoro ò gba ìyípadà òjijì. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, rọ́bà tí mò ń bá nílẹ̀ láàárọ̀ ò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má já koríko ẹ̀gbẹ́ títì tàbí ibi tí wọ́n ti fín oògùn pakopako. Nígbà òjò ni mo máa ń gé e sílẹ̀, mo máa sá a síbi tí atẹ́gùn wà títí á fi gbẹ kọ́rọ́kọ́rọ́, torí ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, tó bá sì ti hu funfun ẹ dà á nù. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí wọ́n ń tà fún àgbò, ó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ ó ti lágbára jù fún ehoro tó ti dàgbà, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ti tó.

Ìgbà yẹn ni mo wá kó rọ́bà kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra ìsáàsùn kékeré méjì bọ̀ láti Ìpetumodù, wọ́n wúwo, Àbẹ̀kẹ́ ò lè dojú wọn dé, kò sì sí bó ṣe fẹ́ rí eyín fi bọ̀ wọ́n. Ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún omi, ó sì ń mu omi ju ìgbà tó ń lá a lẹ́nu ike lọ. Bàsíà tánńganran ni mo fi ṣe abọ́ ìtọ̀. Ilé tó ń sùn sí, páálí ni, mo yọ sẹ́lótéèpù àti irin kúrò lára ẹ̀, tó bá jẹ ẹ́ tán mo máa gbé òmíì sí i.

Ti inú oṣù kẹta ló fẹ́ ṣòro, tí ooru mú, tí kò síná. Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni ká fi omi dídì sínú ike, ká gbé e tì í, èmi náà ń ṣe é, ike yẹn gan-an ló wá di oúnjẹ. Àpáàdì àmù ni mo fi rọ́pò ẹ̀. Mo máa rẹ ẹ́ sómi dáadáa, mo máa tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, á tutù fún wákàtí mélòó kan, á na ikùn lé e. Ó dára ju ike lọ, lójú tèmi.

Fún eyín iwájú, ọparun ni mo ń gé fún un, ẹ̀ka gúáfà pẹ̀lú ewé lórí, àti háhá àgbàdo gbígbẹ. Kùùkù àgbàdo ńkọ́? Rárá o, ó lè há sínú ìfun. Ẹ má gé igi lápálápá fún un bó ti wù kó sún mọ́ ọgbà yín tó, oró ni, ewé píà náà oró ni fún ehoro, pákó tí wọ́n kùn lọ́dà àti páláńkì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, ẹ jìnnà sí i.

Ó kù ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìtọ́jú ehoro nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àyè ehoro gbọ́dọ̀ tó mítà 3 sí mítà 2, kó ga tó mítà 1, kéèjì tèmi ò sún mọ́ ọn rárá. Mo kó gbogbo wáyà ilẹ̀ kúrò ní kọ́rídọ̀, mo wá ń tú u sílẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wákàtí méjì méjì. Àmọ́ tó bá ń ge ilẹ̀kùn, mi ò ní dìde. Ìgbà tó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo máa lọ ṣí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyẹn gbà, ó sì nira fún mi láti máa gbọ́ ọ.

Rọ́bà kan ṣoṣo tó kù báyìí ni ìsàlẹ̀ kéèjì fúnra ẹ̀, mi ò tíì lówó èyí tí wọ́n fi igi kàn. Ẹní lásán, èyí tí wọn ò pa láró, ni mo tẹ́ bò ó títí dé etí ẹ̀. Ẹní yẹn ni Àbẹ̀kẹ́ ń jẹ láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín, tó bá ti ku díẹ̀ kó dé ibi rọ́bà, màá ra òmíì.