Igbá Àwọn Ọba Tó Di Òrìṣà: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Ọjọ́ Ajé

Àwọn igbá tí mo rà ní Akẹ̀sán ti gbẹ dáadáa. Mo ti fi ewé ìpín ha ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi ń dán. Àwọn ọba tí àwọn ènìyàn bọ bí òrìṣà ni mo fẹ́ fín sí wọn lára: Ṣàngó tiwa ní Ọ̀yọ́, Ramesses Kejì ti Íjíbítì, àti Julius Caesar ti Róòmù.

Ramesses ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọba yìí kò dúró dìgbà tó kú kó tó di òrìṣà. Ní Abu Simbel, tẹ́ńpìlì tó ní kí wọ́n gbẹ́ sínú òkè, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ère òun mẹ́rin sára òkè náà, ní ìjókòó, ère kọ̀ọ̀kan ga tó nǹkan bíi mítà 20. Nínú yàrá tó jìnnà jù lọ, ó tún jókòó ti àwọn òrìṣà mẹ́ta, Ptah, Amun àti Ra-Horakhty, bí ẹgbẹ́ wọn. Lóṣù Èrèlé àti Ọ̀wàwà, oòrùn àárọ̀ máa ń wọlé tọ̀ wọ́n débẹ̀, àmọ́ Ptah máa ń wà nínú òkùnkùn. Èyí ló dùn mọ́ mi jù láti fín. Mo họ awọ kúrò lára àwọn mẹ́ta títí funfun inú igbá fi yọ, mo sì fi Ptah sílẹ̀ pẹ̀lú awọ rẹ̀ bó ṣe wà.

Ọjọ́rú

Ti Caesar kò pẹ́. Wọ́n gún un pa ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù. Nígbà eré tí wọ́n fi ṣe ìrántí rẹ̀, ìràwọ̀ onírù yọ, wọ́n ní ẹ̀mí rẹ̀ ló ń lọ bá àwọn òrìṣà. Ní ọdún 42 ṣáájú ìbí Jésù, ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù kéde rẹ̀ ní òrìṣà, Octavian tó fi ṣọmọ sì ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ òrìṣà. Òṣèlú pọ̀ níbẹ̀ jù fún mi. Orí kan, ìràwọ̀ kan lókè rẹ̀, ó tó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Igbá tó tóbi jù, tó ní ọmọrí, ti Ṣàngó ni. Aláàfin ni, ọmọ Ọ̀rányàn, Tápà sì ni ìyá rẹ̀. Àwọn ọ̀tá ní ó so. Àwọn tirẹ̀ ní ọba kò so, àrá sán, ilé jó, ẹnu ọ̀tá sì wọhò. Àwọn èèyàn rẹ̀ ló gbé e dé ipò òrìṣà, tìfẹ́tìfẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ ju ti Ramesses lọ.

Mo mú àwòrán tí mo yà lọ bá Bàbá tó ń fín igbá ládùúgbò wa.

“Ojú Ṣàngó ńkọ́?” wọ́n bi mí.

“Kò ní sí níbẹ̀, Bàbá. Ẹni tó ń sìn ín ni mo fẹ́ fín, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ sára oṣé, ọ̀pá Ṣàngó.”

Wọ́n wò ó pẹ́. “Jẹ́ kí ẹdùn àrá yẹn fẹ̀ ju èjìká ẹ̀ lọ. Ẹrù ni.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń sin Ṣàngó kúnlẹ̀, ṣẹ́ẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ nà gbọnrangandan lábẹ́ ẹdùn méjèèjì. Mo fi osùn àti ẹfun kun kele, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, pupa, funfun, pupa, funfun.

Láti 2023 tí UNESCO ti kọ ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ sínú ìwé àjogúnbá aráyé, ó ń wù mí kí iṣẹ́ ọwọ́ wa bá a dé ojú àwọn àlejò.

Ó ku ọmọrí. Àgbò ni mo máa fín sí i, mo ṣì ń wá ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè yí ìwo rẹ̀ ká.